Wọ́n gbọ́ ohùn Charley Pride kí wọ́n tó rí ojú rẹ̀

Ní oṣù Kìíní ọdún 1966, ilé-iṣẹ́ agbáwojáde RCA fi rẹ́kọ́ọ̀dù tuntun kan ránṣẹ́ sí àwọn ilé-iṣẹ́ rédíò káàkiri Amẹ́ríkà. Orúkọ tó wà lára rẹ̀ ni Country Charley Pride, orin náà sì ń jẹ́ "The Snakes Crawl at Night". Nígbà yẹn, bí olórin bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ agbo, wọ́n máa ń kó àwòrán rẹ̀ pọ̀ mọ́ àwo tí wọ́n bá fi ránṣẹ́, kí atọ́kùn ètò lè mọ ẹni tó fẹ́ gbé sórí afẹ́fẹ́. Ti Charley Pride kò rí bẹ́ẹ̀. Àwo nìkan ló dé, kò sí àwòrán. Àwọn atọ́kùn lu orin náà, àwọn olùgbọ́ gbádùn rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì ronú láti béèrè àwọ̀ ara olórin ọ̀hún, torí ohun tí gbogbo wọn gbà ni pé òyìnbó ní í kọ orin kọ́ńtìrì.

Aláwọ̀dúdú ni Charley Pride, ọmọ àgbẹ̀ olówùú láti ìpínlẹ̀ Mississippi. Kó tó di pé ó sinmi orin, 29 nínú àwọn orin rẹ̀ ti gba ipò kìíní lórí àtẹ kọ́ńtìrì ìwé ìròyìn Billboard. Láàárín àwọn ọdún tí iná rẹ̀ ń jó jù, Elvis Presley nìkan ni wọ́n ń sọ pé àwo rẹ̀ tà ju tirẹ̀ lọ ní RCA.

Orin kọ́ńtìrì kò ṣàjèjì sí wa nílẹ̀ Yorùbá. Ọ̀pọ̀ ilé ni Kérésìmesì kì í pé bí wọn kò bá lu Jim Reeves, àwọn bàbá wa sì mọ orin Don Williams lórí. Kódà gìtá olókùn irin tó ń sunkún lábẹ́ orin kọ́ńtìrì, èyí tí wọ́n ń fi ọ̀pá irin fà lórí okùn, wọnú orin jùjú nígbà tí Ọba orin Sunny Adé fi Dèmọ́lá Adépọ̀jù sídìí rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ African Beats. Òyìnbó ni Jim Reeves, òyìnbó sì ni Don Williams. Pride, tó jẹ́ ẹ̀jẹ̀ tiwa, ni orúkọ rẹ̀ kò rìn tó tiwọn láàárín wa, ó sì yẹ ká mọ bí ó ṣe dé ibi tó dé, àti ìdí tí ilẹ̀kùn fi tì padà lẹ́yìn rẹ̀.

Ta ló ni orin náà gan-an?

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìdí báńjò. Ohun èlò tí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ó jẹ́ ti àgbẹ̀ òyìnbó gúúsù Amẹ́ríkà yìí, ilẹ̀ Áfíríkà ni gbòǹgbò rẹ̀ wà. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú kọjá òkun ló fi igbá àti awọ ẹran ṣe irú rẹ̀ àkọ́kọ́ ní erékùṣù Kàríbíánì àti ní Amẹ́ríkà, ohun èlò tó sì jọ ọ́, tí wọ́n ń pè ní akonting, ṣì wà lọ́wọ́ àwọn ẹ̀yà Jola ní Senegal àti Gambia títí di òní. Fáólíìnì ti Yúróòpù wá. Àwọn méjèèjì pàdé lóko àti níbi àríyá, àwọn tálákà dúdú àti funfun sì ń ta orin síra wọn létí fún ìgbà pípẹ́ ṣáájú kí ẹnikẹ́ni tó gbé ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ wọ àárín wọn.

Ẹ̀rọ yẹn ló dá ààlà sílẹ̀. Ní àwọn ọdún 1920, àwọn oníṣòwò àwo-orin bí Ralph Peer ń kiri gúúsù láti gba ohùn àwọn akọrin sílẹ̀. Ojú ọjà ni wọ́n fi wò ó: wọ́n ya ìwé àkọsílẹ̀ ọjà wọn sí méjì, wọ́n pe ti aláwọ̀dúdú ní orin "race", wọ́n sì pe ti òyìnbó ará oko ní "hillbilly". Dúdú tó bá ta fáólíìnì dáadáa, orin blues ni wọ́n ń wá lọ́wọ́ rẹ̀, torí òun ló bá orúkọ tó wà lára páálí mu. Láàárín ogún ọdún péré, etí àwọn olùgbọ́ ti kọ́ láti gbà pé bí Ọlọ́run ṣe dá a náà nìyẹn.

Síbẹ̀, ẹ wo ẹ̀yìn àwọn àgbà inú orin náà. Lesley Riddle, aláwọ̀dúdú onígìtá, ló ń bá A. P. Carter rìn láti ìlú dé ìlú láti kó orin jọ fún ìdílé Carter, tí wọ́n ń pè ní ìdílé àkọ́kọ́ nínú kọ́ńtìrì. Rufus Payne, tí wọ́n ń pè ní Tee Tot, ló kọ́ Hank Williams ní gìtá nígbà tó wà lọ́mọdé ní Alabama. Nínú ètò rédíò Grand Ole Opry tó ń wá láti Nashville ní gbogbo alẹ́ Sátidé, DeFord Bailey, aláwọ̀dúdú kúkurú tó ń fi hàmóníkà pe bí ọkọ̀ ojú irin, wà lára àwọn tí wọ́n fẹ́ràn jù. Lẹ́yìn tó fọn orin ọkọ̀ ojú irin rẹ̀ kan tán ní 1927 ni olóòtú ètò náà sọ ètò ọ̀hún lórúkọ tó ń jẹ́ di òní. Ní 1941, wọ́n lé Bailey dànù. Iṣẹ́ bàtà dídán ló fi gbọ́ bùkátà lẹ́yìn náà, nínú ìlú Nashville kan náà tí orin rẹ̀ ti sọ di olókìkí.

Ọmọ Sledge

Ọjọ́ 18, oṣù Kẹta, ọdún 1934 ni wọ́n bí Pride ní abúlé Sledge, Mississippi. Òun ni ìkẹrin nínú ọmọ mọ́kànlá. Charl ni bàbá rẹ̀ fẹ́ kó máa jẹ́, àmọ́ ẹni tó kọ ìwé ẹ̀rí ìbí ṣe àṣìṣe, ó kọ Charley, bẹ́ẹ̀ ló sì ṣe dúró. Ilẹ̀ onílẹ̀ ni wọ́n ń ro. Onílẹ̀ ló ni oko, òun náà ló ni ilé tí wọ́n ń gbé. Bí wọ́n bá kórè òwú tán, wọ́n á pín in, gbèsè ohun tí àgbẹ̀ ti rà láwìn láàárín ọdún á sì gbé èyí tó pọ̀ nínú ìpín tirẹ̀ lọ.

Ohun kan wà nínú ilé náà tó kọjá oko: rédíò Philco bàbá wọn. Ní alẹ́ Sátidé, bàbá náà á yí i sí Nashville, gbogbo ilé á sì máa gbọ́ Grand Ole Opry. Ibẹ̀ ni Charley ti gbọ́ Roy Acuff, Ernest Tubb àti Hank Williams. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé orin yẹn kì í ṣe tirẹ̀. Nígbà tó pé ọmọ ọdún 14, ó ra gìtá àkọ́kọ́ rẹ̀ láti ilé ìtajà Sears, ó sì ń tẹ́tí sí rédíò, ó ń ta okùn títí tí ohùn inú rẹ̀ àti ohùn inú gìtá fi bára dọ́gba.

Àmọ́ kì í ṣe orin ló kọ́kọ́ fẹ́ fi jáde kúrò nínú oko òwú. Ní 1947, Jackie Robinson di aláwọ̀dúdú àkọ́kọ́ ní sáà tuntun tó gbá bésíbọ́ọ̀lù nínú líìgì àwọn òyìnbó, Pride tó jẹ́ ọmọ ọdún 13 sì rí ọ̀nà. Ní 1952 ó ti ń ju bọ́ọ̀lù fún Memphis Red Sox nínú líìgì àwọn aláwọ̀dúdú. Ní 1953 ó bá ẹ̀ka kékeré ẹgbẹ́ Yankees ṣe àdéhùn ní Boise, ìpínlẹ̀ Idaho, ṣùgbọ́n apá rẹ̀ ṣèṣe, agbára tó fi ń ju bọ́ọ̀lù kò sì padà bọ̀ sípò bó ti yẹ. Ó ń ti ẹgbẹ́ kan bọ́ sí òmíràn. Ìgbà kan wà tí ẹgbẹ́ Louisville Clippers fi òun àti agbábọ́ọ̀lù mìíràn gba bọ́ọ̀sì lọ́wọ́ ẹgbẹ́ Birmingham Black Barons, torí wọn kò ní ọkọ̀ tí wọn yóò máa gbé kiri. Pride máa ń fi ìtàn yìí pa àwọn ènìyàn lẹ́rìn-ín nígbà tó yá. Mo ka ìtàn náà, mi ò sì lè rẹ́rìn-ín: ènìyàn méjì, ọkọ̀ kan.

Ó fẹ́ Rozene Cohran ní 1956, ọdún kan náà tí ìjọba pè é sí iṣẹ́ ológun. Lẹ́yìn tó kúrò níbẹ̀, bọ́ọ̀lù gbé e dé ìpínlẹ̀ Montana ní 1960, níbi tí òtútù ti pọ̀, tí aláwọ̀dúdú sì ti ṣọ̀wọ́n. Ó ríṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń yọ́ òjé ní East Helena, ó ń kó èédú sínú iná ìléru. Ilé-iṣẹ́ náà ní ẹgbẹ́ bésíbọ́ọ̀lù tirẹ̀. Máníjà ẹgbẹ́ náà gbọ́ bó ṣe ń kọrin, ó sì ń fún un ní dọ́là mẹ́wàá kó máa kọrin fún àwọn òǹwòran kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Lálẹ́, ó ń kọrin ní ilé ọtí. Montana, tí ẹnikẹ́ni kì í rántí nínú ìtàn kọ́ńtìrì, ni Pride ti rí ibi tó ti lè máa kọrin níwájú òyìnbó ní gbogbo ọ̀sẹ̀.

Ní 1962, àwọn gbajúmọ̀ olórin méjì, Red Sovine àti Red Foley, gbọ́ ọ níbẹ̀, wọ́n sì ní kó máa bọ̀ ní Nashville. Kò tíì jẹ́ kí bọ́ọ̀lù lọ. Ó lọ sọ́dọ̀ ẹgbẹ́ New York Mets ní Florida kí wọ́n yẹ òun wò, wọ́n ní àwọn kò nílò rẹ̀. Nígbà tó ń padà sílé ló yà sí Nashville.

Bí Nashville ṣe gbé e jáde

Ní Nashville, Jack Johnson gbà láti jẹ́ máníjà rẹ̀, ó sì mú un lọ bá Jack Clement, aṣàgbéjáde orin tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Cowboy. Clement gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ ní 1965. Lẹ́yìn náà ni àwo dé ọwọ́ Chet Atkins, ọ̀gá RCA ní Nashville. Atkins gbé e lọ sí ìpàdé àwọn ọ̀gá RCA, ó jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ, kí wọ́n fẹ́ràn rẹ̀, kó tó sọ irú ẹni tó kọ ọ́ fún wọn. Wọ́n gbà. Ìlànà yẹn kan náà ni wọ́n tẹ̀ lé pẹ̀lú àwọn ilé-iṣẹ́ rédíò.

Kí àwọn ènìyàn má fi ojú kékeré wo ohun tí wọ́n ṣe yìí. Ní ọdún tó ṣáájú, 1965, ni wọ́n lu àwọn tó ń wá ẹ̀tọ́ ìbò lórí afárá Selma ní Alabama. Àwọn ìlú tí orin kọ́ńtìrì ti ń tà jù náà ni ìjà yìí ti gbóná jù. Ilé-iṣẹ́ rédíò kan ṣoṣo tó bá yarí lè ba ọjà jẹ́ fún gbogbo agbègbè rẹ̀. Ẹ̀rù ọjà ni RCA ń bà, mi ò sì rí ìgboyà kankan nínú fífi àwòrán pamọ́. Ìgboyà wà lọ́wọ́ ọkùnrin tí yóò wá jáde síwájú àwọn èrò nígbà tó bá yá.

Ìgbà náà yá ní Detroit ní 1966, ní pápá ìṣeré Olympia. Èrò tó lé ní 10,000 ti pé jọ. Agbóhùnsáfẹ́fẹ́ dárúkọ Charley Pride, àtẹ́wọ́ sọ, torí wọ́n mọ orin rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló jáde. Àwọn àgbà ní ìròyìn kò tó àfojúbà: àtẹ́wọ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, ó ń rọ̀, títí gbogbo ibẹ̀ fi dákẹ́ rọ́rọ́. Pride fi ẹ̀rín tú u. Ó ní òun mọ̀ pé ó ṣàjèjì díẹ̀ kí òun jáde wá kọ orin kọ́ńtìrì pẹ̀lú ara tí oòrùn ti pa dúdú títí láé. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n pàtẹ́wọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ orin. Ọdún mélòó kan ló fi ń sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn níbikíbi tó bá kọ́kọ́ dé, títí kò fi sí ìlú tí wọn kò ti mọ̀ ọ́n mọ́.

Ní ọjọ́ 7, oṣù Kìíní, ọdún 1967, Ernest Tubb, ẹni tí Pride máa ń gbọ́ nínú rédíò bàbá rẹ̀, ló mú un wọ orí ìtàgé Grand Ole Opry. Láti ìgbà tí wọ́n ti lé DeFord Bailey, kò tíì sí aláwọ̀dúdú mìíràn tó dá dúró kọrin níbẹ̀ bíi tirẹ̀. Ní ọdún yẹn náà ni "Just Between You and Me" wọ àárín mẹ́wàá àkọ́kọ́ lórí àtẹ. Ní 1969, "All I Have to Offer You (Is Me)" gba ipò kìíní, ohun tí aláwọ̀dúdú kankan kò tíì ṣe lórí àtẹ náà láti ìgbà Louis Jordan ní 1944. Nígbà tí "Kiss an Angel Good Mornin'" jáde ní 1971, ọ̀sẹ̀ márùn-ún ló fi jókòó sí ipò kìíní, ó sì kọjá sínú àtẹ orin gbogbogbòò. CMA, ìyẹn ẹgbẹ́ orin kọ́ńtìrì ní Amẹ́ríkà, fi í ṣe Òṣèré Ọdún, wọ́n sì fún un ní àmì ẹ̀yẹ olórin ọkùnrin tó dára jù ní 1971 àti 1972.

Kí ló wà nínú ohùn náà? Ó rinlẹ̀, ó mọ́, kò sì ní ọ̀ṣọ́ àṣejù. Kì í pariwo, kì í gbọn ohùn láti fa omijé. Ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ló máa ń pè kó dá ṣáṣá. Orin kọ́ńtìrì ń gbé lórí ìtàn, ẹni tí a kò bá sì gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò lè sọ ìtàn. Pride mọ èyí ju ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ.

Ohun tí kì í fẹ́ sọ

Àwọn oníròyìn kò yé béèrè bó ṣe rí láti jẹ́ olórin kọ́ńtìrì aláwọ̀dúdú. Ìdáhùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má yí padà fún ọdún 50: òun kò mọ olórin kọ́ńtìrì aláwọ̀dúdú kankan, Charley Pride lòun, ọmọ Amẹ́ríkà tó ń kọ orin tó fẹ́ràn. Àwọn aláwọ̀dúdú kan bínú sí i, wọ́n ní ó kọ ẹ̀yìn sí ìjà àwọn ará rẹ̀. Mi ò lè dá a lẹ́bi. Ẹni tó ń fi alẹ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan wọ gbọ̀ngàn tí òun nìkan ti jẹ́ dúdú, bó ṣe máa dé ilé ní àlàáfíà ló kọ́kọ́ ń rò. Nínú ìwé ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ tó jáde ní 1994, ó jẹ́wọ́ pé àìsàn ọpọlọ tó ń gbé ọkàn ènìyàn sókè tó tún ń rì í mọ́lẹ̀ ti bá òun fínra fún ọdún púpọ̀. Ẹ̀rín tó ń rín lórí ìtàgé kò sọ gbogbo rẹ̀.

Ohun tí mo bínú sí ni ọ̀nà tí Nashville gbà lo àṣeyọrí rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè ìdí tí kò fi sí dúdú láàárín wọn, wọ́n á nawọ́ sí Charley Pride, ọ̀rọ̀ á parí. Ẹ wo Linda Martell. Ní 1969, ó di obìnrin aláwọ̀dúdú àkọ́kọ́ tó dá kọrin ní Opry. Orúkọ ilé-iṣẹ́ tó gbé àwo rẹ̀ jáde ni Plantation, ìyẹn oko tí wọ́n ti ń fi ẹrú ṣiṣẹ́. Àwọn òǹwòran ń bú u láti ìsàlẹ̀ ìtàgé, àwo kan ṣoṣo ló sì ṣe kí ọ̀nà tó dí mọ́ ọn. Stoney Edwards àti O. B. McClinton náà gbìyànjú ní àwọn ọdún 1970. Wọn kò dé ibi tí Pride dé. Orin rẹ̀ tó gba ipò kìíní gbẹ̀yìn ni "Night Games" ní 1983. Ọdún 2008 ni aláwọ̀dúdú mìíràn, Darius Rucker, tó fi orin tó dá kọ gba ipò náà. Ọdún 25 ni àlàfo yẹn.

Belfast, 1976

Ìtàn kan wà tí àwọn ará Ireland kò gbàgbé. Ní oṣù Keje ọdún 1975, àwọn agbébọn pa mẹ́ta nínú ẹgbẹ́ olórin Miami Showband bí wọ́n ṣe ń ti òde eré bọ̀ ní Àríwá Ireland. Lẹ́yìn èyí, àwọn olórin òkèèrè kò fẹ́ẹ́ gbọ́ orúkọ Belfast, olú ìlú ibẹ̀. Ní 1976, Pride lọ, ó sì kọrin ní sínímà Ritz láàárín ìlú náà. Kátólíìkì àti Pùròtẹ́sítáǹtì tí wọn kò lè gbé àdúgbò kan náà jókòó sí gbọ̀ngàn kan náà, wọ́n sì bá a gbe orin "Crystal Chandeliers". Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn olórin mìíràn tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Ọmọ Mississippi kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé ìlú tí wọ́n pín sí méjì fún un.

Ìgbẹ̀yìn, àti àwọn tó tẹ̀ lé e

Ó di ọmọ ẹgbẹ́ Opry ní 1993. Ní 2000 wọ́n gbé orúkọ rẹ̀ wọ Gbọ̀ngàn Ọlá Orin Kọ́ńtìrì, ní 2010 ó sì wà lára àwọn tó ra ẹgbẹ́ bésíbọ́ọ̀lù Texas Rangers. Ọmọ tí wọ́n fi gba bọ́ọ̀sì rí ti di ọ̀kan lára àwọn tó ni ẹgbẹ́.

Ní ọjọ́ 11, oṣù Kọkànlá, ọdún 2020, CMA fún un ní àmì ẹ̀yẹ fún iṣẹ́ gbogbo ayé rẹ̀. Ó kọ "Kiss an Angel Good Mornin'" pẹ̀lú Jimmie Allen, ọ̀dọ́mọkùnrin aláwọ̀dúdú olórin kọ́ńtìrì, nínú gbọ̀ngàn kan ní Nashville tí àwọn ènìyàn pé sí nígbà tí àrùn kòrónà ń jà. Ní ọjọ́ 12, oṣù Kejìlá, kòrónà pa á ní Dallas. Ọmọ ọdún 86 ni. Àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ béèrè bóyá ibi ayẹyẹ náà ló ti kó o. Àwọn alákòóso sọ pé gbogbo àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe fún un ṣáájú àti lẹ́yìn ayẹyẹ náà fi hàn pé kò ní in.

Ní 2024, Beyoncé fi "Texas Hold 'Em" di obìnrin aláwọ̀dúdú àkọ́kọ́ tó gba ipò kìíní lórí àtẹ kọ́ńtìrì Billboard. Ohùn Linda Martell, ẹni ọdún 82, wà nínú àwo rẹ̀, Cowboy Carter. Ní ọdún yẹn kan náà, Shaboozey, ọmọ tí àwọn òbí ọmọ Nàìjíríà bí ní Virginia, tí orúkọ ìdílé rẹ̀ ń jẹ́ Chibueze, gbé "A Bar Song" sí ipò kìíní lórí àtẹ orin gbogbogbòò fún ọ̀sẹ̀ 19.

Bí ẹ bá fẹ́ gbọ́ Pride fúnra yín, ẹ wá àwo rẹ̀ tó ń jẹ́ In Person. Wọ́n gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ ní gbọ̀ngàn Panther Hall ní Fort Worth, Texas, ní 1968, ọdún tí wọ́n pa Martin Luther King. Ẹ gbọ́ bó ṣe kọ "Kaw-Liga" ti Hank Williams, kí ẹ sì gbọ́ ariwo ayọ̀ àwọn òyìnbó Texas tó wà lábẹ́ orin náà.